Ẹ̀wà Tí A Ti Rẹ Kì Í Dúró De Ogun

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Àṣàkẹ́ mi,

Má wá sítáǹpù lára ìwé yìí. Kò ní, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ tí o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má fo ojú ewé kankan. Mo mọ̀ ọ́: láti kékeré ni o ti máa ń ṣí ìwé ìtàn wo ìparí rẹ̀ ná kí o tó padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, ó ṣì ń sùn. Òun ló bí ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi lo sùn sí ní gbogbo ọdún tó fi ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú ìwé gígùn báyìí sí ọ. Inú mi dùn, ọmọ mi. Ọmọ tí mo máa ń fà lọ́wọ́ kọjá ní Rye Lane, tó ń sunkún pé bàtà ń ta òun, òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ ní gálárì, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, ní Liverpool báyìí, tí wọ́n fún ní yàrá ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Fọ́tò ilẹ̀kùn náà wà nínú fóònù mi. Mo ti fi han imáàmù, mo ti fi han ẹni tó ń ta ẹja, mo sì ti fi han awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí kò béèrè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àtàlátà, ohùn rẹ kì í ṣe ohùn ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. O ní, "Grandma, àwọn ọ̀gá gálárì ti wo iṣẹ́ ọnà abọ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn abọ́ yẹn ṣófo, kò gbọdọ̀ sí àkàrà níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n gé ẹ̀rín kúrò nínú ohùn yín, torí pé àwọn èèyàn ò ní mọ̀ pé ogun la ń sọ."

Mo bi ọ́ pé kí ni ìwọ fúnra rẹ rò. O wá ní, "I don't know, Grandma. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi tí wọ́n bí sí Peckham, kí ni mo mọ̀ nípa ogun?" O ní ọjọ́ Àtìní ni o gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn.

Mi ò sọ nǹkan kan lórí fóònù, torí inú ti ń bí mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè sì ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí o jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo ti rò ó wàyí. Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé àgbà ni mo tó mọ̀wé kọ. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó ra aṣọ, ibi gbogbo ló máa ń fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

O mọ díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Fara balẹ̀, kà á bẹ́ẹ̀. Àgbà tó bá ń gba ọmọ nímọ̀ràn, láti ìdí igi ló ń gùn ún.

O rántí kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí mo ń lọ, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi ní mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ní kí oníkálukú kọ ìtàn ọjọ́ tó rẹ́rìn-ín jù láyé ẹ̀. Hawa ará Somalia ló máa ń jókòó tì mí. Ó wo bébà, mo wo bébà. Mo wá kọ ọ́, mo sì dìde kà á sókè, ìwọ sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà yẹn, pẹ̀lú báàgì tí o gbé bọ̀ láti yunifásítì yín ní New Cross, torí pé o wá mú mi lọ sílé. Ohun tí mo kà nìyí.

Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi ń gé gẹdú níbẹ̀, ìyá mi sì ń dín àkàrà fún àwọn awakọ̀ tó ń kó gẹdú náà. Nígbà ogun abẹ́lé, mo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Ogun yẹn dé Ọ̀rẹ̀, ó sì le débi pé títí dòní, tí nǹkan bá gbóná, àwọn èèyàn wa a ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ṣàwàdà báyìí. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà.

Ọ̀sán la gbọ́ ìró ìbọn. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bàbá mi gbé àpótí aṣọ. Ìyá mi gbé abọ́ ẹ̀wà. Láti àárọ̀ ló ti rẹ ẹ̀wà yẹn sómi fún àkàrà ọjọ́ kejì, ó sì ti wú dáadáa.

Bàbá mi wò ó. "Ìyá Sàlámátù, ogun dé, ẹ̀wà lò ń rù?"

"Mo ti rẹ ẹ́. Ta ni kí n fi sílẹ̀ fún? Ṣé àwọn sójà ni wọ́n máa bá mi bó o?"

"Gbé aṣọ, obìnrin yìí."

"Ẹ̀yin ti gbé aṣọ. Tó bá dalẹ́, ẹ jẹ aṣọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba inú igbó lọ sí abà kòkó kan. Ní gbogbo ọ̀nà, omi ẹ̀wà ń dà sí ìyá mi lọ́rùn, ó sì ń ṣépè fún àwọn tó dá ogun sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìbọn o. Nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí omi rẹ̀ dà nù. Nígbà tí a dé abà, àwọn èèyàn ti pọ̀ níbẹ̀ láti ojúlé oríṣiríṣi, ojú gbogbo wọn ti wọ́. Ìyá mi sọ ẹrù, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ wá bá mi bó ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí a ti rẹ kì í dúró de ogun." A bó o létí odò, èèpo rẹ̀ ń léfòó lọ. A yá ọlọ, a lọ̀ ọ́. Kò sí òróró tí a óò fi dín in, ṣùgbọ́n ewé eéran kún inú igbó, a bá fi í pọ́n ọ̀lẹ̀, tòun ti iyọ̀, láìsí ata.

Obìnrin Ìgbò kan wà láàárín wa, aránṣọ ni nílùú, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó bá wa bó ẹ̀wà láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn jẹun tán, onígẹdú kan na ìka sí i, ó ní, "Kí ni tèyí láàárín wa? Ṣé kì í ṣe àwọn èèyàn ẹ̀ ló ń lé wa bọ̀ yìí?"

Ìyá mi ní, "Ọ̀lẹ̀ tí o jẹ yẹn, òun ló bó ẹ̀wà ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó lọ, kọ́kọ́ dá ọ̀lẹ̀ ẹ̀ padà."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo abà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ náà rín in, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Onígẹdú náà gan-an rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ó sì ní, bóun bá máa dá a padà, ṣé wọn ò lè fún òun ní ọ̀kan sí i kóun fi kún un. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Nígbà tí mo kà á tán, tíṣà mú ìgò ojú rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Sàlámátù, ogun mà nìyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ la ti rín in. Hawa wá gbọ́wọ́ sókè. Ó ní nígbà tí àwọn ń sá ní tiwọn, ìyá òun gbàgbé bàtà sílé, ó gbé bùútà àlùwàlá dání, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ibùdó. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá bi í, a ní Ọlọ́run kò béèrè bàtà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ń rẹ́rìn-ín, o ń nu ojú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni o bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ kiri, tí o ń gba ohùn wa sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O ní o fẹ́ fi abọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà, kí abọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn ẹnì kan nínú, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ogun ṣe fún wa lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bi ẹni tí ọ̀rọ̀ àkàrà wá jẹ́ rèé o. Ìwọ lo ní kí n dín àkàrà wá fún àwọn àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham Rye. O ò sọ ibi tí màá bù ú sí. Èmi àti Alhaja Surrey Quays, tí a fi adúgbò rẹ̀ ń pè, la jọ gbé kúlà wọlé. Ìwọ wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn olóyìnbó ti ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú wa rí ni ẹní tó tẹ́ rẹrẹ, pẹ̀lú abọ́ tánńganran lórí rẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, gbogbo wọn ṣófo.

Alhaja ní, "Sàlámátù, ọmọ yìí mà gbẹ̀kọ́. Wo bó ṣe tẹ́ ẹní, tó to abọ́ sílẹ̀ de àlejò."

Mo ní, "Ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ."

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu àkàrà. A ti bù ú dé abọ́ bíi mélòó kan kí Alhaja tó fò sẹ́yìn.

"Àúsùbílàhi. Sàlámátù, àkàrà yìí ń sọ̀rọ̀."

"Àkàrà wo?"

"Èyí. Ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì."

Mo tẹ́tí. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Hawa ni."

"Kí ni Hawa ń ṣe nínú àkàrà?"

Ọmọbìnrin kan tó wọ dúdú sáré wá, ojú rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọnà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Alhaja dá a lóhùn pé a ò fọwọ́ kàn án, ṣíbí la fi bù ú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ láti gbọ́ ohùn, òórùn àkàrà sì bá a níbẹ̀, ó mú ọ̀kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, òun náà mú ọ̀kan. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹun, wọ́n tẹ́tí sí abọ́. Helen tó wá láti gálárì ní Liverpool, obìnrin onírun funfun yẹn, òun ló gbé etí lé abọ́ tèmi. Ó ń jẹ, ó ń gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú, òróró sì kù sí i lójú.

Ìgbà náà ni ìwọ jáde. O gbọ́wọ́ lérí. O wo àkàrà, o wò mí, o wo ọmọbìnrin aláṣọ dúdú. Mo ń retí pé kí o bínú. O bú sẹ́rìn-ín, o di ẹ̀gbẹ́ mú, o sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni Helen kọ̀wé pé kí o wá bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan.

Ìmọ̀ràn mi wá rèé, gba èyí tó bá bá ọ lára mu.

Èkíní. O ní kí ni o mọ̀ nípa ogun. Alhamdulilahi tí o ò mọ̀ ọ́n. Kí irú-ọmọ wa má bàa mọ̀ ọ́n ni ìyá mi ṣe gbé ẹ̀wà gba inú igbó. Má fi ìyẹn ṣe ìtìjú, ẹ̀bùn ni wọ́n fún ọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí o mọ etí í gbé sílẹ̀. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó wúwo, àwa la sì gbé ibẹ̀. Ìwọ kàn bá wa fọwọ́ tì í ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ni fọwọ́ ti ẹrù kì í dá tú u láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Torí náà, kí o tó gé ohùn ẹnikẹ́ni, pe Hawa, pe gbogbo wọn, bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí o bá máa ṣe láyé rẹ, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ tóbi tó lára ilẹ̀kùn, má fi ìtàn olóhùn ṣe ohun tí olóhùn kò mọ̀ sí.

Èkejì. Má fi iṣẹ́ rẹ pamọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, mo ń fọ ọ́fíìsì. Ẹnì kan fún imú rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ṣí oúnjẹ mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ jẹ ẹ̀bà mi nínú yàrá ìgbálẹ̀, láàárín garawa àti ọṣẹ. Mo pẹ́ nínú ìwà òmùgọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin Jàmáíkà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, "Ibí lo wà? Láti ìgbà yìí ni mo ti ń gbóòórùn ẹ. Tèmi dà?" Òun ló di ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní nílùú yìí. Mo rò pé ẹni tó fún imú nìkan ló ń gbọ́ òórùn náà. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà tí ebi rẹ̀ ń pa. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà rẹ. Má tìtorí ẹnì kan tó fún imú gbàgbé ẹni tí ebi ń pa lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nípa Helen àtàwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n bẹ̀rù pé kí àwọn èèyàn má fi ìyà wa ṣeré, ìbẹ̀rù tó dára ni. Má lọ fi ohùn líle bá wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Jókòó pẹ̀lú Helen, fún un ní tíì, kí o sì rán an létí pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun náà jẹun lọ́jọ́ yẹn, òróró ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń wọ ọkọ̀. Bi í pé ṣé àkàrà yẹn jẹ́ kó gbàgbé ogun, àbí òun ló jẹ́ kó lè jókòó gbọ́ ọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ o. Má béèrè ìbéèrè kí o tún máa dá ara rẹ lóhùn, ìwà ìyá rẹ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́: máa jẹun láàárọ̀. Lọ sí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí rẹ kí wọ́n lè mọ ojú rẹ, torí igi kan ò lè dágbó ṣe. Máa kí àwọn aládùúgbò kó tó di pé o nílò nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìyá rẹ ní kí n béèrè nípa ọmọkùnrin tó bá ọ kó abọ́ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí o ń lọ. Mi ò béèrè. Mo kàn ń sọ ohun tó ní kí n sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ abọ́ gan-an.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, Àṣàkẹ́. Abọ́ òfìfo kì í ṣe irọ́. Ìtàn tí mo kà ní kíláàsì, ibi ẹ̀rín ni mo pa á tì sí. O gbọ́ ìyókù rẹ̀ nígbà tí o ń gba ohùn mi sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ní òun fẹ́ padà lọ sílé lọ tú ewúrẹ́ wa, torí orí ìso la fi í sílẹ̀ sí, ó ní kò dára kí ẹran kú sórí ìso. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ní pẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn tó sá tẹ̀lé wa dé abà, wọ́n ní àwọn rí ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú okùn gígé lọ́rùn. Nítorí náà a mọ̀ pé ó dé ilé, a mọ̀ pé ó tú u. Òun nìkan la ò rí. Nígbà tí a padà sí Ọ̀rẹ̀, ìyá mi ṣì máa ń gbé abọ́ bàbá mi kalẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Kò bu nǹkan sí i. Kò sì gbé e kúrò.

Bí wọ́n bá fẹ́ abọ́ tó ṣófo, fún wọn ní ti bàbá mi. Gbé e sáàárín. Má fi ohùn kankan sí i. Ẹni tó bá ti jẹ nínú àwọn yòókù tó wá kan ìyẹn yóò mọ̀ pé ogun ni, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un.

Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀rín, mo bẹ̀ ọ́, má gé e. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀rín abà yẹn ni ohùn bàbá mi tó kù sí mi létí. Mo mọ ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n mi ò rántí bí ohùn rẹ̀ ṣe dún, mi ò rántí bó ṣe ń pe orúkọ mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí, mo sì gbìyànjú láti rín in bó ṣe rín in nígbà tí o gbé ẹ̀rọ rẹ sí mi lẹ́nu. Tí wọ́n bá gé e, bàbá mi ni wọ́n gé. Àwọn àgbà ló ní ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n tún ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó bá fi ẹkún nìkan hàn nínú ogun, kò tíì fi wá hàn. Ó fi ogun hàn.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, má tìtorí mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbé abọ́ tèmi padà wá sílé, kí o bá wọn ṣe ìyókù. Mi ò ní bínú. Abọ́ ni, a óò máa fi jẹun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sítáǹpù. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ̀wà wà nínú omi. Alhaja Surrey Quays ń bọ̀ wá bá mi bó o, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, torí ó ní òun ò lè jẹ́ kí èmi nìkan lọ ba iṣẹ́ ọnà jẹ́ ní Liverpool. Láàárọ̀ ọ̀la, a óò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Euston, èmi ni màá sì fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́, tí mo bá dé ibi ewúrẹ́, màá sunkún, wàá dì mọ́ mi, a ò sì ní yanjú nǹkan kan. Torí náà, jókòó kí o kà á, kí àwa kọjá sí kíṣìnì. Ariwo tí ò ń gbọ́ yẹn, Alhaja ló ń bá ẹ̀rọ ìlọta rẹ jà.

Tí o bá kà á tán, má wá ṣàlàyé fún mi. Bí ìpinnu rẹ bá jẹ́ pé kí àwọn abọ́ náà ṣófo, kí ohùn wa sì parí síbi tí wọ́n fẹ́, dákẹ́, fọwọ́, wá jẹun. Àdúrà mi kò ní dín kù lórí rẹ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rín yẹn máa wà níbẹ̀, rẹ́rìn-ín níbi tí o jókòó sí, kí n gbọ́ ọ láti kíṣìnì. Má rín in díẹ̀díẹ̀. Rín in bí o ṣe rín in lọ́jọ́ àkàrà, tí o di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn mi, mi ò kàn sọ fún ọ ni. Ẹ̀rín bàbá mi ni.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà,
Sàlámátù,
tó wà nídìí ìkòkò òróró.